Yíyan àti Títọ́jú Ajá Kékeré nínú Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni wọ́n fi pa òwe náà, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí rí: orí ajá ni yóò dá lé, ṣùgbọ́n àwa tí ń sin ajá ni yóò bá wí jù. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní ọkàn wa láti kọ ọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nítorí pé nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Mowe, a fi ojú wa rí ohun tí àìmọ̀kan lè fà, ọwọ́ àwa tìkára wa ni ó sì ti wá. A kò kọ ọ́ bí ọ̀mọ̀wé. A kọ ọ́ bí ẹni tí ó ti ṣìnà, tí ó sì padà wá júwe ojú ọ̀nà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

AJÁ NÍ ILẸ̀ WA

Ajá kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ ní í lò ó nínú igbó, àgbẹ̀ ní í lò ó láti lé ọ̀bọ lóko, àwọn olùsìn Ògún a sì máa fi í rúbọ. Àwọn baba wa a tilẹ̀ máa fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń pe ajá, aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn yóò ti gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn ẹranko sọ fún wa pé ara ìkookò ni ajá ti ṣẹ̀, àti pé ó ti tó 14,000 ọdún, ó kéré tán, tí ó ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Kò sí ẹran ọ̀sìn mìíràn tí ó bá wa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí, ìlò ajá pàápàá sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Abúlé àgbẹ̀ ni Mowe àti Ibafo jẹ́ nígbà kan rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé, wọ́n sì ń mọ odi yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ifo, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó ń gbé inú ọgbà tóóró kò ní igbó tí ajá rẹ̀ yóò máa sá kiri. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ajá kékeré tí yóò máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, tí yóò gbó bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, tí kì yóò sì jẹ ẹ́ run. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ajá tí àwọn tí ń tajá ń pè ní kírọ́ọ̀sì.

KÍ NI KÍRỌ́Ọ̀SÌ?

Kírọ́ọ̀sì ni ọmọ tí ajá oríṣi méjì bá bí. Ajá ìbílẹ̀ wa kì í tóbi jù. Irun ara rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì mọ bí a ti ń fara da oòrùn. Nínú àwọn ajá kékeré tí ó ti òkèèrè wá, èyí tí a rí jù ní agbègbè wa ni Lhasa Apso, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Lásà. Orí òkè Tibet ni ó ti wá, níbi tí òtútù ti mú gan-an, tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti ń tọ́ ọ nínú ilé wọn. Nítorí náà ni irun rẹ̀ fi gùn tí ó sì ki. Bí Lásà àti ajá ìbílẹ̀ bá bímọ, àwọn ènìyàn a máa rò pé ọmọ náà yóò mú ẹwà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, yóò sì mú agbára láti ọ̀dọ̀ èkejì.

Nígbà mìíràn ó ń rí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún tí ìyá kan bí ní ọjọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra wọn bí ẹni pé wọn kò jọ wá láti inú kan. Ọ̀kan lè ní irun gígùn, kí èkejì ní kúkúrú. Ọ̀kan lè dúró ní kékeré, kí òmíràn dàgbà ju baba rẹ̀ lọ. Ìtàn kan wà tí ó fi èyí hàn gbangba. Ní ọdún 1989, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wally Conron, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́ ajá láti máa tọ́ afọ́jú sọ́nà ní ilẹ̀ Australia, gbọ́ pé afọ́jú obìnrin kan ní Hawaii ń fẹ́ ajá, ṣùgbọ́n irun ajá a máa yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó mú ajá Labrador àti ajá Poodle pọ̀, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò yọ ọkọ náà lẹ́nu. Ẹ wò ó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí kò lè sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ọmọ ajá yóò jẹ́. Mélòómélòó ni ẹni tí ń gbé apẹ̀rẹ̀ ajá kiri ẹ̀bá ọ̀nà? Bí ẹnikẹ́ni bá búra fún wa pé kírọ́ọ̀sì kì í ṣàìsàn, tàbí pé kò ní í tóbi ju báyìí lọ, ọjà rẹ̀ ni ó ń polówó.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Àwa méjì ni a jọ gba yàrá sí ilé ìyá opó kan lẹ́bàá Mowe. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí a ti ń ti Èkó bọ̀, a bá ọkùnrin kan pàdé ní ẹ̀bá òpópónà, ó gbé ọmọ ajá mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn funfun, irun rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí òwú, ó sì ń gbọ̀n. A bi í pé ṣé wọ́n ti gún ajá náà ní abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé. Káàdì rẹ̀ ni mo gbàgbé sílé." Owó rẹ̀ kò pọ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wá; a rà á, a sì sọ ọ́ ní Ṣùúrù.

Ìyá onílé wa ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, kò ní í bọ́ aṣọ kí ó tó gbé Ṣùúrù. Ní ọjọ́ kẹta, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ajá náà fi eyín ha ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ díẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a ní eré ọmọdé ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, ajá kọ oúnjẹ. Ó ń bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ní ọjọ́ keje ó kú. A gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, a sin ín kí ọmọ náà tó ti ilé-ìwé dé, a sì rò pé a ti ṣe é tán.

Nígbà tí a ròyìn fún olùkọ́ wa tí ó wá wo iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Ṣé ó bu ẹnikẹ́ni jẹ?" Ahọ́n wa wúwo lẹ́nu wa. Ó mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà náà sọ pé àmì tí a kà sílẹ̀ jọ ti àrùn tí à ń pè ní parvo, èyí tí ń pa ọmọ ajá púpọ̀púpọ̀, tí kì í sì í ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n òun kò lè búra pé dìgbòlugi kò sí níbẹ̀, nítorí pé a kò mọ ibi tí ajá náà ti wá, a kò mọ ìyá rẹ̀, a kò sì gbé òkú rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Bí ajá tí ó buni jẹ bá wà láàyè, tí ara rẹ̀ sì le, a lè so ó mọ́lẹ̀ kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá yí padà ní ìwọ̀n ìgbà náà, a ó mọ̀ pé kò ní dìgbòlugi lẹ́nu ní ọjọ́ tí ó buni jẹ. Tiwa ti kú. Nítorí náà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

A lọ bá ìyá rẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Kò bú wa. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ wa ní ìwé, káàdì tí ẹ kò rí lọ́wọ́ ẹni yẹn, ṣé ẹ kò lè ní kí ó lọ mú un wá?" Títí di òní olónìí, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò ní etí wa. A bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn leralera títí abẹ́rẹ́ náà fi pé, iye tí a ná sì ju iye tí a ra ajá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ba ìyá rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àwa ni a rà á wọ ilé fún un.

BÍ A TI Í YAN ỌMỌ AJÁ

Láti inú ohun tí dókítà náà kọ́ wa, àti ohun tí a ti kà láti ìgbà náà wá, a rí àwọn ìlànà wọ̀nyí.

Èkíní, kí a bi ara wa léèrè kí a tó bi ẹlòmíràn. Ajá kékeré lè lo ọdún 12 sí 15 láyé. Ta ni yóò máa bọ́ ọ nígbà tí a bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́? Ṣé onílé gbà? Ṣé owó abẹ́rẹ́ ọdọọdún wà? Bí ìdáhùn kò bá sí, kí a fi ajá sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìdáhùn.

Èkejì, kí a lọ sí ilé tí wọ́n gbé bí ajá náà, kí a fi ojú wa rí ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá jẹ́ oníjà tàbí ojo, tàbí bí ibùsùn rẹ̀ bá kún fún ẹ̀gbin, ìyẹn náà ti sọ púpọ̀ fún wa nípa ọmọ. Ìtóbi ìyá àti ti baba ni ó sì lè jẹ́ kí a fojú díwọ̀n ibi tí ọmọ yóò dàgbà dé.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú rẹ̀ tó là. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó fi ń kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó fi ń mọ̀ pé bí òun bá bu ẹlòmíràn jẹ jù, yóò dùn ún. Ajá tí a já gbà lẹ́nu ọmú kì í mọ ìwọ̀n eyín ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a yẹ ara rẹ̀ wò. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí imú rẹ̀ má ṣe máa ṣe ikun, kí èrìgì rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Inú tí ó wú gbọ̀ngbọ̀n lára ọmọ ajá tí ó gbẹ, aràn ni ó sábà máa ń fà á. Kí abẹ́ ìrù rẹ̀ gbẹ, kí ó sì máa rìn dáadáa láìtiro. Nínú àwọn ọmọ ìyá kan náà, ẹ má ṣe mú èyí tí ó ń jà jù, ẹ má sì ṣe tìtorí àánú mú èyí tí ó lọ fara pamọ́ sí igun. Èyí tí ó wá gbóòórùn ọwọ́ yín, tí ó sì jókòó tì yín, ni ó dára fún ilé tí ọmọdé wà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a gba káàdì abẹ́rẹ́ kí a tó san owó. Bí káàdì bá wà nílé, kí owó náà wà nílé.

ABẸ́RẸ́ ÀTI ÀRÙN DÌGBÒLUGI

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni a ti í bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọ ajá ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà parvo àti àwọn àrùn mìíràn, a ó sì tún un gún bí dókítà bá ti wí. Nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, a ó gún un ní ti dìgbòlugi, a ó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Òògùn aràn ní tirẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí inú bá wú.

Dìgbòlugi ni a fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn ju ìyókù lọ. Inú itọ́ ajá tí ó ní in ni ó wà, ojú ọgbẹ́ ni ó sì ń gbà wọ ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bí 59,000 ni ó ń pa lọ́dún kan ní gbogbo ayé, àti pé nínú ènìyàn 100 tí ó mú, 99 ni ó jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ajá. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni ó tó bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń pa, àwọn gan-an tí wọ́n fi sí abẹ́ ìtọ́jú àwa olùkọ́. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù kan sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, bí omi bá ti ń ba ẹni náà lẹ́rù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń yè é.

Síbẹ̀, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó pa ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba Joseph Meister là, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá ti bù jẹ káàkiri ara. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti là. Ní ilẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn tí ó wà ní Vom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, a máa ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá; ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ń kọ́ àwọn dókítà ẹran, ó sì ní ilé ìwòsàn ẹran.

Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ìbáà ṣe ajá kékeré tí a mọ̀, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe fi epo pupa sí i, kí a má ṣe sun irun ajá lé e, kí a má sì ṣe dúró wò ó bóyá yóò jiná. Ọgbẹ́ lè jiná, kí ikú ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ajá náà bá kú, kí a sọ fún dókítà ẹran kí a tó sin ín.

OÚNJẸ, ÌWẸ̀ ÀTI ÌWÀ

Ọmọ ajá ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Àgbà ń jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ tí a fi ẹja tàbí ẹran sí dára fún un, bí kò bá ti sí ata àti iyọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀; ẹ̀bà nìkan kò tó o. Àlùbọ́sà àti ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún ajá. Eegun adìyẹ tí a ti sè a máa ṣẹ́ ṣóńṣó, a sì máa gún un ní ìfun. Kí omi mímọ́ má ṣe tán níwájú rẹ̀, nítorí pé ajá kì í làágùn bí tiwa. Ahọ́n tí ó ń yọ síta tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń lé ooru. Kírọ́ọ̀sì tí ó jogún irun Tibet yóò jìyà ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta bí a kò bá gé irun rẹ̀ kúrú, tí a kò sì fún un ní ibòji.

Lójoojúmọ́ ni kí a máa tú irun rẹ̀ wò, pàápàá abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí eégbọn. Eégbọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ lásán. Ó ń gbé àrùn ibà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí èrìgì ajá bá funfun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ ẹ́.

Kí a má ṣe jẹ́ kí ajá wa máa rìn kiri. Lọ́nà kan, ọkọ̀ òpópónà kò mọ ajá olówó yàtọ̀. Lọ́nà kejì, abo ajá kékeré tí akọ ńlá bá gùn lè kú níbi ìbímọ nítorí pé ọmọ tóbi jù fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọmọ ajá, kí ó jẹ́ kí dókítà tẹ akọ rẹ̀ ní ọ̀dà, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo. Ọmọ ajá tí a kò fẹ́, tí a dà sí ẹ̀bá ọjà, ni yóò di ajá ìgboro tí yóò bu ọmọ wa jẹ lọ́la.

Ní ti ẹ̀kọ́, ìyìn àti oúnjẹ díẹ̀ ń kọ́ ajá ju pàṣán lọ. Àwa tí a ti dúró níwájú kíláàsì mọ̀ pé ọmọ tí a fi ẹ̀rù kọ́ yóò gbàgbé nígbà tí ẹ̀rù bá kúrò. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pẹ̀lú: kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, tàbí tí ń sùn, tàbí tí ń fún ọmọ lọ́mú, bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá súnmọ́ wọn, kí wọ́n má ṣe sá, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí igi, kí wọ́n má sì ṣe wò ó lójú. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ọmọ máa sọ fún àgbà bí ajá bá fi eyín kàn án, kí àgbà má sì ṣe rẹ́rìn-ín.

ÌPARÍ

Láìpẹ́ yìí, a padà lọ kí ìyá onílé wa. A bá ajá kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, èkejì wó. Ó ní láti ilé ẹnì kan ní Ifo ni òun ti gbà á, lẹ́yìn tí òun rí ìyá rẹ̀ àti baba rẹ̀. Kí a tó jókòó, ó ti wọlé lọ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde, ó nà án sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi kà á, bóyá ó pé." A kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pé.